Ìpápánu Tó Ń Yó Ni Lẹ́yìn Eré Sísá

Lẹ́yìn eré sísá tó le, oúnjẹ kì í tètè wù mí í jẹ, ṣùgbọ́n tó bá yá, ebi á dé tagbáratagbára, ohunkóhun tó bá sì wà nítòsí ni ọwọ́ mi máa ń lọ bá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń pèsè ìpápánu sílẹ̀ kí n tó wọ bàtà.

Ṣúgà tí ara tọ́jú pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ wà lára ohun tí à ń lò bí a bá ń sáré, nítorí náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí búrẹ́dì wúlò láti fi dí àlàfo rẹ̀. Àmọ́ bísíkíìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò nìkan kì í mú ni yó pẹ́, nítorí pé èròjà amúaradàgbà àti fáíbà inú wọn kò tó nǹkan. Ẹyin sísè ni mo fẹ́ràn jù: ẹyọ kan tó tóbi ní nǹkan bíi gíráàmù 6 èròjà amúaradàgbà, bí mo bá sì fi méjì jẹ búrẹ́dì tí a fi odidi àlìkámà ṣe, ó máa ń pẹ́ kí ebi tó tún pa mí. Bí mo bá ti làágùn púpọ̀, mo máa ń bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Yúgọ́ọ̀tì tó ki náà dára. Ẹ̀pà ń yó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ kì í tètè dà nínú ikùn, nítorí náà ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó.

Bí eré náà kò bá ju ìṣẹ́jú 30 lọ, tí àkókò oúnjẹ gidi sì ti súnmọ́, omi nìkan ni mo máa ń mu.