Àtùpà tó ń jẹ́ "banana": ọ̀sẹ̀ kẹta

Àtùpà orí tábìlì mi ti ń gbọ́ràn báyìí, àmọ́ ó tún ń gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí kò pàṣẹ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Raspberry Pi kan (kọ̀ǹpútà kékeré), makirofóònù USB kan, relay (súìsì tí kọ̀ǹpútà ń darí) tó ń tan àtùpà tó sì ń pa á, pẹ̀lú Vosk, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ohùn èèyàn di ọ̀rọ̀ kíkọ. Vosk ni mo mú torí kì í jẹ dátà. Orí ẹ̀rọ níbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, mọ́dẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì kékeré rẹ̀, ìyẹn fáìlì tó fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀, ò sì ju nǹkan bíi 40MB lọ. Ibi tó ti dùn mí ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mọ́dẹ́lì yìí gbọ́. Mo kọ "tanná" àti "paná" sínú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kó máa retí, ó ní "Ignoring word missing in vocabulary". Ó fò wọ́n dá.

Mo wá dọ́gbọ́n. Bí èèyàn bá sáré sọ "pa iná náà", "paná náà" ló ń jáde. Ẹ fi etí òyìnbó gbọ́ ọ: banana! Mo kọ banana sílẹ̀ fún pípa. Fún títàn, "tanná sí i" ni mò ń sọ, "tanzania" ni mo kọ. Mo fi ohùn òkè sọ ọ́, mo fi ti ìsàlẹ̀ sọ ọ́, ọ̀kan náà ni létí rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wàhálà dé. Mo wúkọ́, iná kú. Màmá mi wọlé, wọ́n ní "O kú iṣẹ́ o", òkùnkùn ṣú. "Ta ló pa á?" "Banana ni, Mà." Wọ́n wò mí títí.

Ẹ̀bi mi ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo fún un, kò sì sí àyè fún un láti sọ pé ohun tóun gbọ́ kì í ṣe ìkankan nínú wọn. Bí ilẹ̀kùn bá pariwo, àfi kó wá èyí tó jọ ọ́ jù. Mo fi "[unk]" (ìyẹn "unknown", ọ̀rọ̀ àìmọ̀) kún àtòkọ náà, ibẹ̀ ló wá ń da pàǹtí sí. Ikọ́ ò pa iná mọ́.

Mo tún fẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí màá fi máa pè é kí n tó pàṣẹ. "Okay" ni mo kọ́kọ́ lò. Nílé wa, ta ni kì í sọ ọ́? "Computer" ló kù, ó gùn díẹ̀, kò sì ṣèèṣì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Màmá mi náà ti ń pè é, ó sì ń jẹ́. Tiwọn ni pé wọ́n máa ń sọ pé "Kọ̀ǹpútà, jọ̀ọ́, tanná sí i", "jọ̀ọ́" yẹn ló ń dà á rú. Mo ti fi "jaw" kún àtòkọ lálẹ́ àná. Bí wọ́n bá ti ọjà dé, a ó dán an wò.