Ẹ Bá Mi Yọ̀, Mo Ti Délé

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Diyarbakır, Amed tiwa, ìlú àwa Kurd ní Tọ́kì, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún mi, bẹ́ẹ̀ ẹ ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Àpò méjì ni mo gbé jáde, ọ̀kan aṣọ, ọ̀kan lẹ́tà. Ti lẹ́tà ló wúwo jù.

Kò sí lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀ Görülmüştür lára, ìyẹn ni pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tẹ́ ẹ bá fi Kurmanji, èdè Kurd tiwa, kọ ló máa ń pẹ́ jù, wọ́n á ní àwọn ń wá ògbufọ̀. Ẹnìkan kọ̀wé pé bàrà etí odò Tígírísì ti gbó, òun á fi ọ̀kan pamọ́ dè mí. Yìnyín ti bo àgbàlá kí n tó kà á. Ẹ jọ̀ọ́, bàrà mi dà?

Ìyá mi kò gbọ́ èdè Tọ́kì. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba lọ́dún 1980, wọ́n ti àbúrò rẹ̀ mọ́lé, wọn ò sì gbà kí wọ́n sọ èdè Kurd níbi ìbẹ̀wò. Á kàn jókòó, á máa wò ó, àsìkò á pé, á dìde. Òfin ọdún 1983 tún wá dé èdè náà mọ́lẹ̀ títí di 1991. Ọdún 1991 yẹn náà ni Leyla Zana, obìnrin Kurd tí wọ́n dìbò yàn, fi èdè Kurd sọ gbólóhùn kan ṣoṣo níbi ìbúra rẹ̀ nílé aṣòfin. Nígbà tó di 1994 ó ti wà lẹ́wọ̀n. Oṣù Kẹfà 2004 ló jáde.

Nígbà tó kàn mí, ìyá mi gbé fóònù sétí lẹ́yìn gíláàsì, ó fi Kurmanji bi mí pé, “Ṣé o ti jẹun?” Ẹkún ni mo fi dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáwó mọ́tò fún un, torí ọ̀nà jìn, gbogbo òru ni wọ́n fi ń rìn ín. Ẹ̀yin lọ́yà tẹ́ ẹ ò gba owó lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin aládùúgbò tẹ́ ẹ bá a gbé búrẹ́dì wálé, ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an.

Nígbà tí ìlù dahol dún lẹ́nu géètì, mo ti gbàgbé ijó govend. Ìyá mi ló ń fà mí lọ́wọ́.

Àwọn tá a jọ wà nínú yàrá ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n kí yín. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Èyí tẹ́ ẹ bá máa fi Kurmanji kọ, ẹ tètè fi ránṣẹ́ kí òtútù tó dé.