Ọdún Tí Mo Fi Ka Ìdajì

Ẹni tó bá bi mí ní ohun tí mo fi ọdún yìí ṣe, òǹkà ni. Ní oṣù kìíní, mo ní màá fi wáyà àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòṣe DNA tí wọ́n ń pè ní DX: DNA méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ okùn méjì tó lọ́ mọ́ra bí àkàsọ̀ tí wọ́n lọ́, dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, okùn wá ń ré kọjá láti inú ọ̀kan sí èkejì ní ojú méjì. (Ìrékọjá ni mo ń pe ojú yẹn, kì í ṣe ti inú Bíbélì o.) Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fọkàn sí. Títí wọ oṣù kẹrin, mo ṣì ń tú u ni.

Ìgbésẹ̀ 18, ìyẹn igi ìdábùú àkàsọ̀ náà, ni mo fi sáàárín ìrékọjá méjèèjì. Kò nídìí; ó kàn wù mí ni. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìgbésẹ̀ 10.5 ni DNA fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó yẹ kí okùn mi ti kan ẹnìkejì rẹ̀, òkè ló kọjú sí. Mo fi tipátipá fà á, gbogbo rẹ̀ lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ìgbà tí mo sọ ọ́ di 16, ìyẹn nǹkan bí ìdajì yíyípo mẹ́ta, ni wọ́n tó pàdé. Mo dán 21 wò, ìdajì mẹ́rin, òun náà gbà.

Mo rò pé ọmọ ìyá ni méjèèjì. Rárá o. Níbi 16, okùn mẹ́rin ni, ìkọ̀ọ̀kan wọn ṣẹ́rí padà lẹ́ẹ̀kan. Níbi 21, okùn karùn-ún yọ láàárín, ó sì pa àyíká dé bí òrùka. Oorun ò kùn mí lọ́jọ́ tí mo rí òrùka yẹn.

Fu àti Seeman, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń fi DNA kọ́ nǹkan, ti to ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti 1993: oríṣi DX márùn-ún. Méjì tí okùn wọn ń ṣẹ́rí padà ló dúró dáadáa, wọ́n le débi pé ní 1998 Winfree àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò wọ́n pọ̀ bí táìlì. Mẹ́ta yòókù, tí okùn wọn ré kọjá tó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, kò gbọ́ràn.

Àwọn olóríkunkun yẹn ló kù sí mi lọ́rùn. Poro méjì ló wà lára DNA, ọ̀kan fẹ̀, èkejì há. Nítorí náà, láàárín wọn, bí ìdajì yíyípo bá ṣẹ́kù kan lẹ́yìn odidi yíyípo, poro tó bọ́ sí ló ń sọ oríṣi tó máa jẹ́. Mo ti fi ọ̀dà pupa kun poro fífẹ̀ lórí wáyà. Ọ̀dà èyí tó há kò tíì gbẹ.