Inú àlùmọ́gàjí ni idán Méliès wà

Ẹ wo àwọn fídíò idán táwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù yà lábẹ́ Olúmọ: ẹnì kan na ọwọ́ sókè, ó pòórá. Àmọ́ bó ṣe ń pòórá ni ilẹ̀ ń fò, tí òjìji àpáta ń yẹ̀. Georges Méliès, onídán ará Faransé, ti borí èyí láti 1896.

Lọ́dún náà, ó da aṣọ bo obìnrin kan lórí àga. Ó ká aṣọ kúrò, obìnrin ò sí mọ́. Wọ́n ní ó kàn dá kámẹ́rà dúró ni. Kò tán síbẹ̀ o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà ìgbà yẹn, bí àwòrán 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọwọ́ bá ń rọ̀ láti dúró, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ jù lára àwọn àwòrán tó kẹ́yìn, wọ́n á funfun báláú. Àlùmọ́gàjí ló fi gé wọn sọnù, tó wá lẹ ojú méjèèjì pọ̀. Ojú ibi tó lẹ̀ ṣì hàn lára àwọn fíìmù náà.

Torí náà, ẹ má pa fóònù. Ẹ jẹ́ kó máa yà lọ. Ẹ tẹ ojú rẹ̀ pẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tì síbi kan. Ẹni tó kù á dúró bí ère, ẹni tó ń pòórá á tètè jáde kí àwọsánmà tó bo oòrùn. Ibi tí ọwọ́ ti ń lọ lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ ti gé fídíò náà, torí ọwọ́ lojú òǹwòran ń tẹ̀ lé. Ẹ má sì gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sítòsí jẹnẹrétọ̀. Á máa gbọ̀n.

Idán rẹ̀ ti 1898 ni mo fẹ́ràn jù: ó ń yọ orí ara rẹ̀ sórí tábìlì, òmíràn ń hù, títí orí fi di mẹ́rin. Ó yà á níwájú ohun dúdú, ó yí fíìmù padà sẹ́yìn, ó tún ya òmíràn lé e. Dúdú kì í tẹ̀ mọ́ fíìmù, àyè ṣì wà níbẹ̀ fún orí tó ń bọ̀. Lórí fóònù, ẹ yà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ gbé wọn léra nínú áàpù tẹ́ ẹ fi ń tún fídíò ṣe, kẹ́ ẹ yan "screen", ọ̀nà ìdàpọ̀ tó ń mú kí dúdú pòórá.

Aṣọ dúdú tí à ń ta sẹ́yìn ló máa ń ba ti wa jẹ́. Aṣọ ẹlú Ìtòkú tí wọ́n ti lù ń dán, kámẹ́rà á rí i. Àrán dúdú ni kẹ́ ẹ rà, torí ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ẹ ta á sẹ́yìn òṣèré ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6, kí iná ojú rẹ̀ má dé ara aṣọ.