Nígbà Tí Onílé Bá Ní Ayálégbé Ló Dọ̀tí

Èsì kan wà tí ọ̀pọ̀ onílé máa ń fún ayálégbé tó bá wá fẹjọ́ òórùn, aáyán tàbí ògiri tó ń dúdú sùn. Wọ́n á ní ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú ilé náà ni ẹ ò mọ ìmọ́tótó. Lójú tèmi, èsì yìí ń pa ẹjọ́ ayálégbé ju àìlówó onílé lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀bùn. Bí ojú bá sì ti ti ènìyàn, yóò dákẹ́, yóò ra ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tuntun, yóò sì máa fọ ohun tí fífọ̀ kò lè mú kúrò. Nítorí náà, kí ayálégbé tó mú bírò láti kọ̀wé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wà níwájú rẹ̀ ni kí ó ya ìdọ̀tí tó ti ọwọ́ ènìyàn wá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti ara ilé fúnra rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú ògiri tó ń rin. Ọ̀nà mẹ́ta ni omi sábà máa ń gbà dé ara ògiri: páìpù tàbí òrùlé lè máa jò, ògiri lè máa fa omi láti inú ilẹ̀, tàbí kí ooru omi tó ń jáde níbi ìdáná àti ìwẹ̀ máa di omi lára ògiri tó tutù. Ọ̀nà kẹta yìí ni onílé máa ń dì mú, tí yóò ní kí ẹ máa ṣí fèrèsé. Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà mìíràn. Àmọ́ bí fèrèsé náà kò bá ṣeé ṣí, tàbí bí ilé ìdáná kò bá ní ibi tí ooru lè gbà jáde, ọ̀dọ̀ onílé ni ẹjọ́ náà ṣì wà. Ọ̀nà kan tí kò náni ní ohunkóhun wà tí a lè fi wádìí: ẹ nu ojú ògiri gbẹ, ẹ fi téèpù lẹ ègé ọ̀rá mọ́ ọn kí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dí pa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sí ojú ọ̀rá tó kọ sí yàrá, inú yàrá ni ọ̀rinrin ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀rá ló tutù, inú ògiri ló ti ń bọ̀. Ìdánwò yìí kò lè rọ́pò ojú oníṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń yí ohùn lẹ́tà padà. Ní ti èérí dúdú tó ń hù sára ògiri bẹ́ẹ̀, bíléèṣì lè bo àwọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀dà náà lè bò ó, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí omi kò bá tíì dá, yóò tún hù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Rochdale, ní England, fi hàn bí ẹ̀sùn ọ̀bùn ṣe léwu tó. Ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Láti ọdún 2017 ni bàbá rẹ̀ ti fẹjọ́ èérí dúdú ara ògiri sùn, tí wọ́n sì ní kí ó fi ọ̀dà kùn ún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ tó wádìí ikú náà sọ pé èérí yìí tí ọmọ náà ń mí símú fún ìgbà pípẹ́ ló fa àìsàn tó pa á. Àwọn tó ń fi ilé náà yá ènìyàn wá gbà nígbẹ̀yìn pé àwọn ti ń rò ó pé bí ìdílé náà ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn ló fà á. Òfin tí wọ́n sọ lórúkọ ọmọ náà, tó jáde láti inú òfin ilé gbígbé ọdún 2023, ti wá fi gbèdéke lé àkókò tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ aláìjèrè tó ń fi ilé yá ènìyàn ní England gbọ́dọ̀ fi wádìí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì tún ilé ṣe.

Òórùn ilé ìwẹ̀ náà ní orísun tirẹ̀. Lábẹ́ ihò tí omi ń gbà jáde, ó yẹ kí páìpù kan tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ wà, kí omi díẹ̀ sì máa dúró sínú rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé omi yẹn ló ń dènà afẹ́fẹ́ kòtò ìgbẹ́ àti aáyán kí wọ́n má baà gòkè. Ní ọdún 2003, nígbà tí SARS, àrùn èémí tó ń ranni, ń jà ní Hong Kong, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn tó kó o ní àwọn ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Amoy Gardens, àwọn olùwádìí sì tọ́ka sí irú páìpù bẹ́ẹ̀ tí omi inú rẹ̀ ti gbẹ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí àrùn náà gbà wọ inú ilé ìwẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé omi inú páìpù náà kàn gbẹ ni, nítorí pé ẹ kì í lo ihò náà, ẹ da omi sí i, kí ẹ má sì yọ onílé lẹ́nu. Bí páìpù náà bá sán, tàbí tí ẹni tó kọ́lé kò fi èyí tó tẹ̀ sí i rárá, ẹ kọ̀wé.

Ìwé náà kò nílò ẹkún, kò sì nílò èébú. Mo ti ka lẹ́tà ayálégbé tó kún fún “ẹ ṣàánú wa, ìyà ń jẹ wá” láti òkè délẹ̀, tí ẹni tó kà á kò sì lè mọ ibi tí omi ti ń jò. Ẹ̀bẹ̀ tó pọ̀ jù máa ń mú kí onílé rò pé oore ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ òun. Ẹ wo irú èyí: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Láti ọjọ́ kejìlá oṣù yìí ni omi ìgbẹ́ ti ń tú jáde lójú kòtò tó wà lẹ́yìn ilé, nígbàkígbà tí àwọn ará òkè bá lo ilé ìyàgbẹ́. A ti dẹ́kun dída omi ìfọṣọ síbẹ̀, kò dá. A fi fọ́tò tí a yà ní àárọ̀ òní ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán oníṣẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹ sì fi ọjọ́ tó ń bọ̀ tó wa létí.” Ìbọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, ohun tí ayálégbé fúnra rẹ̀ ti ṣe sì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí fóònù ni ẹ ti bá onílé sọ̀rọ̀, ẹ tún kọ ohun tí ẹ jọ sọ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ bá àwọn tí ẹ jọ ń gbélé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́. Eku tó wà nínú yàrá kan ṣoṣo, wọ́n á ní ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló ń da oúnjẹ nù. Bí ó bá wà ní yàrá gbogbo, ihò ara ilé ni a ó máa wá, nítorí ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ tó fún eku láti wọlé. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo.

Dídá owó ilé dúró ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò. Ní ọdún 1970, ilé ẹjọ́ kan ní Washington, D.C., ní Amẹ́ríkà, dájọ́ nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Javins, láàárín àwọn ayálégbé àti ilé iṣẹ́ tó ni ilé tí wọ́n ń gbé, pé ojúṣe ayálégbé láti san owó so mọ́ ojúṣe onílé láti jẹ́ kí ilé ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n òfin ibì kan kọ́ ni òfin ibi gbogbo, níbi púpọ̀ sì rèé, ẹni tó dá owó dúró ti fún onílé ní ìdí tí yóò fi lé e jáde láìmẹ́nu kan kòtò ìgbẹ́ rárá. Kí ẹ tó gbìyànjú rẹ̀, ẹ bi agbẹjọ́rò léèrè. Ẹ máa san owó yín, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì pe àwọn wolé-wolé ìjọba bí onílé bá kọ̀ tí kò dáhùn. Ìwé tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn àyẹ̀wò ṣòro fún onílé láti pè ní ìjà ayálégbé.

Bí oníṣẹ́ bá dé, ẹ má tètè fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ ya fọ́tò ibi tó tún ṣe kí ó tó fi sìmẹ́ńtì bò ó. Bí ó bá jẹ́ òrùlé, ẹ dúró di ìgbà tí òjò ńlá bá rọ̀. Bí ó bá jẹ́ páìpù, kí gbogbo yàrá ṣí omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sì gbà kí wọ́n kun ògiri kí ó tó gbẹ dénú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ìwé ìdúpẹ́ sí onílé, kí ẹ dárúkọ ohun tí wọ́n tún ṣe àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nítorí pé bí omi bá tún jò, ìwé ìdúpẹ́ yẹn ni ẹ ó fi hàn pé ìjòkújò náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.