Ayu inú Odò Ọya àti ẹ̀gà orí ọ̀pẹ

Ẹni tó bá rí ayu, ìyẹn mánátì, nínú Odò Ọya ní ìhà Jẹ́bà lè pè é ní ẹja. Ìrù rẹ̀ pẹlẹbẹ bí àjẹ̀, kò sì ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àmọ́ ẹ gbé apá rẹ̀ sókè: ọmú wà ní abíyá! Níwájú náà ni ọmú erin wà, ìbátan erin sì ni ayu. Eyín ayu àti ti erin ń jẹ́rìí: èyí tó bá gbó níwájú á já, tẹ̀yìn á sún bọ́ sípò rẹ̀. Ẹran ọlọ́mú ni, ọ̀wọ́ Sirenia, ìdílé Trichechidae. Orúkọ rẹ̀ ni Trichechus senegalensis. Àwọn onímọ̀ kà á mọ́ ẹran òkun, torí ó ń gbé ọ̀sà àti etíkun náà.

Ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ ní Òmù-Àrán kò ṣòroó mọ̀. Ẹyẹ ni, ọ̀wọ́ Passeriformes, ìdílé Ploceidae, Ploceus cucullatus. Ẹgbẹ́ olórin ni wọ́n kà á mọ́, bí orin rẹ̀ tiẹ̀ jọ ìjà obìnrin méjì nídìí ẹ̀rọ omi.

Ẹ̀gà ń yé ẹyin 2 tàbí 3, wọ́n á pa ní nǹkan bí ọjọ́ 12. Oyún ayu ń tó ọdún kan, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí. Bíbí díẹ̀díẹ̀ yìí wà lára ohun tó ń kó ayu sínú ewu. IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ ẹranko àti igi, ka ayu sí ẹran tó wà nínú ewu, àmọ́ kò ka ẹ̀gà mọ́ ọn. Láti 2013 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi, ti fòfin de títa ayu láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Dáàmù tún dá kún ewu ayu: ti Kàìnjì parí ní 1968, ti Jẹ́bà tẹ̀lé e, ayu tó wà láàárín méjèèjì ò rọ́nà lọ mọ́.

Àwọ̀n tí wọ́n dẹ sílẹ̀ di òwúrọ̀ ló léwu jù, torí ayu gbọ́dọ̀ yọ wá mí. Bó bá kó sí i, ẹ kọ́kọ́ gbé àwọ̀n sókè kí imú rẹ̀ yọ lójú omi, lẹ́yìn náà kí ẹ gé okùn. Ẹ má di apá rẹ̀ mú fà á.

Ní ti ẹ̀gà, oko ni ẹjọ́ wà. Ìgbà tí ìrẹsì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní omi funfun nínú ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lé e, ní kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́. Májèlé á pa àwòdì àti adìyẹ yín mọ́ ọn. Gígé ọ̀pẹ náà ò ràn án; á kó lọ sórí igi kejì, á tún máa ya imọ̀ kọ́lé.