Odindi Ọ̀sán Lórí Àmì Kan

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yábàá, nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní kí n bá òun mójú tó àwọn ọmọ tó ń kọ́ nípa àṣà ilẹ̀ Jàpáànù ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo rò pé ìjókòó lásán ni mo fẹ́ lọ jókòó.

Amọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Abọ́ ìmutíì tí wọ́n ń pè ní raku, tí wọ́n ti ń mọ ní ìlú Kyoto láti sẹ́ńtúrì 16, ni wọ́n fẹ́ fara wé. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, wọn kì í fi ẹ̀rọ yí i bírípó, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá amọ̀kòkò tiwa náà ṣe ń ṣe. Àwọn ọmọ kánjú sá tiwọn sóòrùn dípò ibòji, mẹ́ta sì ti sán kí agogo tó lù. Mo yọ ogún náírà jáde, mo fi Ladi Kwali, ìyá amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, hàn wọ́n: Michael Cardew, tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Àbújá àtijọ́ tó di Suleja lónìí, ọ̀dọ̀ Bernard Leach ló ti kọ́ṣẹ́, Jàpáànù gan-an ni Leach sì ti kọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíkọ ló wá dá mi dúró. Wọ́n ń fi omi lọ yíǹkì líle lórí òkúta bí ẹni ń lọ osùn, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé ìlà tí búrọ́ọ̀ṣì bá ti fà, a kì í padà tún un kùn. Olùkọ́ kọ 大, tí í ṣe “ńlá”, ó wá kán àmì kan sí èjìká rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó di 犬, “ajá”.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í fi àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú kíláàsì mi, bó ti wù kí n fi yíǹkì pupa gé e tó. Bébà mọ́kànlá ló lò lórí àmì ajá yẹn, nítorí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

“Mà, ṣé bí oko àti ọkọ ṣe rí náà nìyí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, inú mi sì dùn ju bí mo ṣe fi hàn lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kó àròkọ rẹ̀ wá, kò fi ibì kankan sílẹ̀ láìsàmì. Ó kọ ọ́ níbẹ̀ pé bàbá àgbà òun ní ọkọ kòkó méjì.